Àyè Tó Ṣófo Nínú Àpótí Ohùn

Olùṣọ́ ìjọ wa fẹ́ fi àpótí mi ṣe ìwàásù. Ó wá kí mi nílé ní Becontree, ládùúgbò Dagenham, ó jókòó, ó ń wo àwọn irin tí mo tò sórí tábìlì, ó sì ní òun ti rí ọ̀rọ̀ nínú wọn: pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ṣe wọ́n, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìlú tí wọ́n ti wá, síbẹ̀ wọ́n ń gbé pọ̀ nínú àpótí kan, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń gbé pọ̀ ní ìlú òyìnbó. Mo ní kó má ṣe é. Mo sọ fún un pé ohun tó jẹ́ kí àwọn irin yìí lè gbé pọ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe wọ́n ti kọ́kọ́ fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe ga tó àti ibi tí ihò síkúrù yóò wà. Kò sí ẹni tó fẹnu kò lórí tèmi kí n tó dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ò ní yí padà," ó mu tíì rẹ̀ tán, ó sì lọ.

Ẹ̀rọ orin ni àpótí náà. Kì í ṣe dùùrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dún bíi dùùrù. Ẹ̀yà ẹ̀yà ni wọ́n ń tà á. Ẹ̀yà kan ń mú ohùn jáde, òmíràn ń ṣí ohùn náà bí ẹni ṣílẹ̀kùn ó sì ń tì í, òmíràn ń sọ ìgbà tí ohùn yóò wọlé àti ìgbà tí yóò dákẹ́. Módùlù ni wọ́n ń pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ni yóò kó wọn jọ láti ọwọ́ oríṣiríṣi oníṣẹ́, yóò dè wọ́n mọ́ irin méjì nínú àpótí kan, yóò sì fi wáyà so wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó lè kọrin. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún ni mo ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá yà lẹ́nu kò béèrè ohun tí mo ń ṣe kí n tó wá síhìn-ín. Ìmọ̀ físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Bí mo ṣe wá kò ṣe pàtàkì. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń wá. Ẹni tí mo wá bá ló ṣe pàtàkì.

Sístà Dúpẹ́ fi kíláàsì kan ṣáájú mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bẹ́ẹ̀dì wa kọjú síra ní ilé tí a ń sùn sí, òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń fi omi gbígbóná nínú ife irin lọ aṣọ. Nígbà tó ti wà ní Dagenham tó sì ti bímọ, ó kọ̀wé pé yàrá wà, pé wọ́n ń wá tíṣà, kí n máa bọ̀. Yàrá wà lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀dì kan àti ẹ̀rọ ìfọṣọ ló wà nínú rẹ̀. Ní ti iṣẹ́ tíṣà, ó ní kí n jẹ́ kí Táyọ̀ gbó díẹ̀ ná. Táyọ̀ ni ọmọ rẹ̀. Kò tíì lè jókòó nígbà náà.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì ni àwọn ilé. Bíríkì kan náà, fèrèsé kan náà, ọgbà kékeré kan náà níwájú, títí ojú fi rí i dé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbé Táyọ̀ jáde nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, nígbà tí a sì ń padà bọ̀, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ilé tí kì í ṣe tiwa. Ìyá òyìnbó kan ṣílẹ̀kùn, ó wò mí, ó wo ọmọ, ó nawọ́ sí ilé kejì, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Kò bú mi. Mo rò ó títí. Nílé, ẹni tó bá ṣi ilé wọ̀ yóò jókòó, wọn yóò bu omi fún un, yóò sì ti mọ orúkọ gbogbo ará ilé kí ó tó dìde.

Kàyéfì kejì ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. A máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Sístà Dúpẹ́ fà mí síwájú lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Ẹni tó ń bá mi mú Táyọ̀ rèé o." Mo dúró kó fi ìyókù kún un. Kò fi kún un. Láti ọjọ́ náà, Àǹtí Táyọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Wọn á kí mi, wọn á ní kí n bá wọn kí màdáámù mi.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, èmi àti ọmọ la máa ń wà nílé. Mo máa ń kọ orin ìyá mi fún un. Orin kúkúrú ni, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló dá a, nídìí ẹ̀gúsí bíbó. Ohùn ìyá mi rẹlẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Òun ló máa ń lé, èmi ni mo máa ń gbè é. Bó bá lé ìlà kan, á dúró dè mí, á gbé ẹ̀gúsí dání láìbó o, títí màá fi dáhùn. Pẹ̀lú Táyọ̀, èmi nìkan ni mo ń lé, tí mo tún ń gbè é. Kò dà bí orin náà.

N óò sọ èyí tó kù ní ṣókí, nítorí òun ni gbogbo ìyókù dúró lé lórí.

Ìyá mi kú nílé nígbà tí mo ti lo ọdún kan lé díẹ̀ ní Dagenham. Lékan, àbúrò mi ọkùnrin, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó fóònù, ó pe ilé Sístà Dúpẹ́. Mo ti gbé Táyọ̀ lọ gba abẹ́rẹ́. Sístà Dúpẹ́ ló gba ìpè náà. Nígbà tí mo dé, kò sọ nǹkan kan. Ó se ọbẹ̀ ẹja fún mi, ohun tí kò ṣe rí, mo jẹ ẹ́, mo sì yin ọbẹ̀ náà.

Ìgbà tí èmi fúnra mi pe ilé ni mo tó gbọ́. Wọ́n ti sin ín. Lékan ní, "Sístà Dúpẹ́ ní o ti gbọ́. Wọ́n ní o ní o ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀." Mo sọ fún un pé n kò gbọ́. Ó ní ṣé Sístà Dúpẹ́ tó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí wọn ló máa parọ́ irú èyí. Kò gbà mí gbọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè é, á dáhùn ohun tí mo bá bi í, kò ní fi nǹkan kan lé e, bí ẹni tó jókòó lẹ́yìn káńtà ọ́fíìsì. Kò bi mí ní ìbéèrè kan nípa ara mi.

Mo lọ bá Sístà Dúpẹ́. Ó ń lọ sùtánà. N kò pariwo. Mo bi í ìdí tí ó fi ṣe é. Kò gbé ojú sókè.

"Tíṣà, bó o bá lọ, ta ni ì bá bá mi mú ọmọ?"

Ó yí sùtánà náà padà, ó sì lọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo kúrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Mo rí yàrá kan ní òpópónà Alibon, mo ń gbá ilé ìwé tí n kò lè kọ́ni nínú rẹ̀. Mo kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń rìn lórí yìnyín. Mo kẹ́kọ̀ọ́ pé bí òyìnbó bá ní kí n wá mu tíì nílé òun lọ́jọ́ kan, ọjọ́ náà kò sí nínú kàlẹ́ńdà. Mo ra bàtà òtútù tó dára lọ́jà Heathway, mo wọ̀ ọ́ sílé títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí pé tèmi ni. Ẹni tí kò bá gbé nílé oní-nǹkan rí kò lè mọ irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní kó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Barking níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn módùlù yìí. Ọ̀gá ibẹ̀, Kólíìnì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èyí sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó fún mi ní irin gbígbóná àti òjé, ó ní kí n máa jó àwọn ẹ̀yà kéékèèké mọ́ pátákó iná. Kò pẹ́ tó fi fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Módùlù àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe parí ló ń mú ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Nígbà tí mo tan iná sí i tí mo sì yí bọ́tìnnì rẹ̀ lọ sílẹ̀, mo jókòó. Ohùn ìyá mi kọ́, n kò ya wèrè. Ṣùgbọ́n ó wà níbi tí ohùn ìyá mi máa ń wà.

Nígbà tí Kólíìnì darúgbó tó sì ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó kó módùlù náà fún mi pẹ̀lú àwọn mìíràn tó wà nínú dúróò, tí àwọn oníṣẹ́ láti ìlú mìíràn fi ránṣẹ́ sí i fún ìdánwò. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ní wọn.

Ọ̀pọ̀ ń bi mí pé kí ló dé tí n kò kúrò nínú ìjọ náà, nígbà tó jẹ́ pé Sístà Dúpẹ́ wà níbẹ̀, tó sì ti di Ìyá Ìjọ, tó ń jókòó níwájú. Èmi kọ́ ló yẹ kó kúrò. Ìyókù kò sì ṣòro. Mo ń kí i, ó ń kí mi. A ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú.

Lọ́dún yìí, Olùṣọ́ kéde pé ní ìsìn ìrántí àwọn tó ti lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá ní orin ti òkú rẹ̀ mú un wá. A kò ṣe ìsìn kankan fún ìyá mi nínú ìjọ yìí rí. Báwo ni a ó ti ṣe é? Ẹni tó mọ̀ pé ó kú kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pinnu láti gbé àwọn módùlù náà sínú àpótí kan kí wọ́n lè kọ orin náà bó ṣe yẹ: ohùn ìsàlẹ̀ ni yóò lé, ohùn òkè ni yóò gbè é. Wọ́n máa ń gbé ìsìn wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Lékan sì máa ń wò ó láti ilé. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ. N kò fẹ́ ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí n sọ pé n kò retí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ oníṣẹ́ púpọ̀ máa ń bára mu nínú àpótí kan. Gíga wọn dọ́gba, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan jìn sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí rẹ̀ fi kan pákó. Òmíràn fi díẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, díẹ̀ tí ojú kò lè rí, tó sì tó láti má jẹ́ kí ẹni tó kàn án wọlé. Ihò ọ̀kan rí róbótó, ti ìkejì gùn bí ẹ̀wà, kí ó lè sún. Síkúrù tèyí kò wọ nọ́ọ̀tì tọ̀hún. Mo fi fáìlì rẹ́ etí ọ̀kan, mo gbé èyí tó jìn lọ sí ibi tí àpótí ti jìn, mo tún wọn tò títí gbogbo wọn fi jókòó. Ìgbà tí a kò bá bínú sí wọn ni wọ́n ń jókòó. Èyí ni mo kọ́ lára wọn, n kò sì lè lò ó fún èèyàn.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Wáyà tó ń gbé iná lọ sí ẹ̀yìn módùlù kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ bí ìgbànú. Àwọ̀ eérú ni, àfi etí rẹ̀ kan tó ní ìlà pupa láti òkè délẹ̀. Ìlà pupa yẹn ló ń sọ apá tí ó gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí a bá ki wáyà náà bọ̀ ọ́ sódì, iná yóò gba ibi tí kò yẹ wọlé, módùlù náà yóò sì jó. Oníṣẹ́ kan á ní kí pupa wà lókè, òmíràn á ní kó wà nísàlẹ̀, oníkálùkù ló sì gbà pé tòun ló tọ́. Àwọn tòde òní máa ń fi ààbò sí i kí ó má baà jó bí ẹni tó ń lò ó bá ṣìṣe. Tèmi, ti ohùn ìsàlẹ̀, kò ní ààbò. Nígbà tí a ṣe é, Kólíìnì gbà pé ẹni tó bá fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á lajú.

Nínú ìjọ wa, a kì í mú ohun pupa tàbí ohun dúdú wọ inú ibi mímọ́. Mo mọ òfin náà, mo sì ti tẹ̀ lé e. Mo kun àpótí náà ní funfun, mo lẹ bébà funfun mọ́ ojú àwọn módùlù tó dúdú. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ gbé wọlé, Ìyá Ìjọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìsìn ku ọ̀la, Sístà Dúpẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Becontree Heath wá sí ilé mi. Kò wọ ibẹ̀ rí.

Kò bọ́ kóòtù. Ó yí àpótí náà ká, ó ní funfun rẹ̀ dára. Ẹ̀yìn àpótí náà ń ṣí bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì wà ní ṣíṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú.

"Kí ni pupa yìí?"

Mo ṣàlàyé. Mo ní inú ló wà, bí mo bá ti ti ẹ̀yìn àpótí, kò sí ẹni tó máa rí i.

"Ẹni tí à ń lọ bá níbẹ̀ máa rí i."

"Òun náà á ti mọ ohun tó wà fún nìyẹn, Ìyá Ìjọ."

Ó wò mí. "Tíṣà. Ẹnu rẹ ò tíì rẹ̀."

"Ọwọ́ ló rẹ̀ mí."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí i. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ní bí mo bá ní ọ̀dà funfun tí àwa tíṣà fi ń pa àṣìkọ rẹ́, kí n mú un wá, òun á bá mi kùn wọ́n. Mo ní in. Mo yọ gbogbo wáyà náà, a jókòó sí tábìlì kan, àwa méjèèjì, a ń kun pupa ní funfun. Mo ní kó fi orí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láìkùn, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan, kí n lè fi mọ apá tí wáyà yóò kọjú sí. Mo ní èmi fúnra mi ni n óò kun àwọn orí náà nígbẹ̀yìn. Ó ní òun gbọ́.

A kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní Táyọ̀ wà ní Manchester, pé iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè pè. Mo ní ó máa ń pè mí. Òótọ́ ni. Àǹtí ló ṣì ń pè mí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, n kò sì kó o padà.

Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, mo ki àwọn wáyà náà bọ àyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wo orí pupa wọn, mo sì tún gbogbo wọn yẹ̀ wò. Ti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló kọjú sí ìsàlẹ̀. Òkè ni àwọn yòókù kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ìgbà náà ni fóònù dún. Lékan ni. Mo jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà, nítorí fóònù kì í gbọ́ dáadáa nínú ilé. Ó fẹ́ mọ ìgbà tí ìsìn yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago ti ilé. Mo sọ fún un. Ó ní ó dáa, ó sì gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, Sístà Dúpẹ́ ti jókòó, ó ti de ìdérí ọ̀dà, ó ká ọwọ́ lé itan.

"Mo ti bá ọ kun àwọn orí ẹ̀. Ó ti parí."

Mo wo inú. Ó funfun láti òkè délẹ̀, ó sì tò lẹ́sẹẹsẹ. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó jáde, n kò sì rí pupa kankan mọ́ tí mo lè fi tún un yẹ̀ wò. Mo ti ẹ̀yìn àpótí, mo tan iná.

Òórùn náà kò ṣeé ṣì mọ̀ fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo pa iná. Èéfín tín-ínrín kan jáde ní etí ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn, tí mo sì fi èékánná ha ọ̀dà kúrò lórí àwọn wáyà, mo rí i pé gbogbo pupa wọn ló kọjú sí ọ̀nà kan náà.

Sístà Dúpẹ́ dìde. "Ọ̀kan nínú wọn kẹ̀yìn sí àwọn tó kù. Mo rò pé o gbàgbé ni. Mo bá ọ yí i padà kó lè bá àwọn yòókù dọ́gba."

Ó ki wáyà náà bọ̀ ọ́ dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Bó ṣe máa ń to àga ṣọ́ọ̀ṣì náà nìyẹn, tí gbogbo rẹ̀ á kọjú sí pẹpẹ, tí kò ní jẹ́ kí ọ̀kan yà.

Ó bi mí bóyá ó ṣeé tún ṣe. Mo ní wọn kì í ṣe irú ẹ̀yà tó jó nínú rẹ̀ mọ́. Ó ní ṣé òmíràn kò lè dípò rẹ̀. Mo ní òun ni mo fẹ́ kó lé orin ìyá mi. Lẹ́yìn náà mo pè é ní orúkọ tí n kò pè é láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé rẹ̀.

"Ìgbà kejì rèé, Sístà Dúpẹ́."

 Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó ń wá ihò bọ́tìnnì, kò rí i. N kò bá a wá a.

Mo lè tún orin náà tò kí ohùn òkè máa lé e kó sì tún máa gbè é, bí mo ṣe máa ń ṣe fún Táyọ̀. N kò ṣe é. Mo tú módùlù tó jó náà kúrò, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, mo sì fi gbogbo ìgbà tó yẹ kí ìyá mi lé orin sílẹ̀ bó ṣe wà, láìdín.

Lọ́jọ́ Àìkú, a bọ́ bàtà, a wọlé. Ilẹ̀ tutù. Wọ́n gbé àpótí náà sẹ́bàá àwọn akọrin, lórí aṣọ funfun. Nígbà tó kàn mí, mo tan iná. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyá mi, nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ wá. Àwọn èèyàn ń wò mí. Lẹ́yìn náà ohùn òkè dáhùn. Ó tún dákẹ́. Ẹnì kan wúkọ́. Ohùn òkè tún dáhùn. Lórí ìdákẹ́jẹ́ kẹta, ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nawọ́ kó lè bá mi dí àyè náà. Ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Sístà Dúpẹ́ dìde níwájú, ó sì nawọ́ sí i pé kó dúró.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń lé orin nìyẹn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, èmi ni mo gba fóònù láti ilé. N kò sọ fún un. Mo sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ó gbọ́, pé ó ní òun ò lè wá. Mi ò fẹ́ kó fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ mi. A jọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni."

Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń sọ̀rọ̀. Ìdáhùn náà wọlé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Sístà Dúpẹ́ dúró títí orin fi parí, kò jókòó, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ro ohun tí n óò mọ̀ lára lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ lára ni pé pákó àpótí náà ti ń gbóná díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, bó ṣe máa ń ṣe.

Lékan pè kí n tó dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Heathway. Ó ní òun gbọ́.  Ó ní orin Màámi ni. Mo ní òun ni. Mo ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?" ó ní.

Láti ìgbà ikú ìyá wa, òun ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí nípa ara mi. Mo sọ fún un pé búrẹ́dì ni. Ó ní búrẹ́dì nìkan kò tó.

Mo ti ń gbé Dagenham ju bí mo ṣe gbé ilé lọ. Bí mo bá ń kọjá níwájú ilé tí mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ṣì mọ̀ ọ́n láàárín gbogbo àwọn tó jọ ọ́. Bóyá ohun tí wọ́n ń pè ní ìlú ẹni nìyẹn, kí a mọ ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tiwa. N kò mọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Sístà Dúpẹ́ tún wá. Ó mú ohun kan tó fi aṣọ wé jáde nínú báàgì rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ni, funfun, tí kò ní nǹkan kan lára ju ihò mẹ́rin lọ, irú èyí tí a fi ń bo àyè tó ṣófo. Ó ní nígbà tí àpótí náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun fi téèpù ìránṣọ wọn àyè náà, Táyọ̀ sì wá ẹni tó gé e ní Manchester. Ó ní kí n dán an wò.

Mo dán an wò. Ó wọlé láìfagbára. Ihò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pàdé ti àpótí gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ rere ni. Mo yọ ọ́, mo gbé e sójú fèrèsé, mo sì fi àyè náà sílẹ̀ ní ṣíṣí.

"Kò bá a mu ni, Tíṣà?"

"Ó bá a mu," mo dá a lóhùn, mo sì lọ gbé omi tíì kaná fún àwa méjèèjì.